Ilé-ìwé gbé fọ́tò àwọn ọmọ tí òbí wọn jẹ owó sí Facebook, ṣé òfin Bẹ̀nẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ọlọ́mọ Wàndó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, àbí tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Ọmọ mi obìnrin wà ní ilé-ìwé aládàáni kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mi ò ní dárúkọ wọn torí mi ò fẹ́ kí wàhálà gun orí wàhálà. A ṣì jẹ wọ́n ní owó tranche kejì, ìyẹn ìdá kejì owó ilé-ìwé, mi ò sẹ́ ẹ, ọjà ò tà láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo ẹni tó ń tà ní ọjà Wàndó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n kó fọ́tò gbogbo ọmọ tí òbí wọn ò tíì san tán jọ, wọ́n kọ orúkọ ọmọ, kíláàsì ẹ̀, iye tó kù àti nọ́ńbà fóònù àwa òbí sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e sórí pèéjì Facebook ilé-ìwé, wọ́n tún fi sí group WhatsApp àwọn òbí. Ọmọ mi ò fẹ́ lọ sílé-ìwé mọ́, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti ń pè mí. Ọ̀kan ní ilé-ìwé ló rán òun, pé kí n fi owó yẹn ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan lórí MoMo, ó dárúkọ ọmọ mi, ó mọ kíláàsì ẹ̀, iye tí mo jẹ gan-an ló pè. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kọ́kọ́ pe ẹni tó ń gba owó ní bìrò wọn.

Mo lọ bá dírẹ́tọ̀. Ó ní mo ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù nígbà tí mò ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ pé ilé-ìwé lè lo fọ́tò ẹ̀. Lóòótọ́ ni mo fọwọ́ sí i, àmọ́ fọ́tò ayẹyẹ ìparí ọdún ni wọ́n sọ fún wa nígbà yẹn. Ṣé òfin kankan wà lórí irú nǹkan báyìí nílẹ̀ wa, àbí ti àwọn òyìnbó nìkan ni? Tó bá sì wà, ta ló ń mú un ṣẹ, ibo ni mo máa gbà?

Baba Àjàrá

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á bá yín san gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé-ìwé náà. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ nílé-ìwé aládàáni rí, mo mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ìparí oṣù bá dé tí òbí ò tíì san, ẹ ó pè wọ́n wọn ò ní gbé e, ẹ ó fi lẹ́tà rán ọmọ kò ní dé ilé, ọjọ́ Sátidé ẹ ó sì rí wọn níbi ìnáwó nínú aṣọ ẹbí. Olùkọ́ náà ní ọmọ tó ń jẹun. Tí wọ́n bá lé ọmọ sílé, ẹ ó ní ìkà ni wọ́n, tí wọ́n bá dákẹ́, ilé-ìwé á kógbá wọlé. Mi ò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dáa o, àmọ́ àwọn òfin orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, Kútọnu ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, mi ò tíì rí ẹni tó torí ẹ̀ sanwó ìtanràn ládùúgbò wa níbí.

Ọmọ Alákétu

Àǹtí wa, ẹ kú ìfaradà. Bìrò agbẹjọ́rò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èmi ni agbẹjọ́rò o, àmọ́ ìwé òfin yìí ń kọjá lọ́wọ́ mi dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Òfin wà, kì í sì í ṣe ti àná. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2009 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìsọfúnni nípa èèyàn, loi 2009-09 ni wọ́n ń pè é. Burkina ṣe tiwọn ní 2004, Senegal ní 2008, àwa tẹ̀ lé wọn. Nàìjíríà tó súnmọ́ wa yìí, 2023 ni wọ́n tó ní òfin gidi tí ilé ìgbìmọ̀ ṣe lórí ẹ̀. Torí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé nǹkan òyìnbó ni, kò mọ ìlú ara ẹ̀. Nígbà tó di 2018, ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, wọ́n ṣe òfin ńlá kan lórí ọ̀rọ̀ ayélujára tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, loi 2017-20, ìwé karùn-ún inú ẹ̀ ló wà fún ọ̀rọ̀ tiyín yìí. Àjọ tó ń rí sí i ni APDP, ìyẹn Autorité de Protection des Données à caractère Personnel, Kútọnu ni wọ́n wà. Àwọn ló gba ipò CNIL, àjọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀.

Kí lòfin náà wá sọ. Gbogbo ohun tí èèyàn lè fi mọ̀ pé ìwọ báyìí ni, òfin ka gbogbo ẹ̀ mọ́ ìsọfúnni nípa rẹ: orúkọ, ojú, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà NPI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ) tó wà lórí CIP (ìwé ìdánimọ̀), títí dé iye owó tó o jẹ tí wọ́n bá ti so ó mọ́ orúkọ rẹ. Ẹni tó bá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ohun tó sọ yẹn nìkan ni kó sì fi ṣe, kò gbọdọ̀ gbà ju èyí tó nílò lọ, kò gbọdọ̀ tọ́jú ẹ̀ ju àkókò tó yẹ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó kó má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ yín: nọ́ńbà fóònù yín, wọ́n gbà á kí wọ́n lè pè yín tí ara ọmọ ò bá yá. Fọ́tò, wọ́n gbà á fún ayẹyẹ àti fáìlì. Wọ́n kó méjèèjì, wọ́n fi ṣe pátákó ìtìjú. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kúrò lójú ọ̀nà.

Fọ́ọ̀mù tí dírẹ́tọ̀ ń sọ yẹn kò lè gbà á sílẹ̀. Ìyọ̀ǹda tí òfin mọ̀ ni èyí tí èèyàn ṣe láìsí ipá, tó mọ ohun tó ń yọ̀ǹda, tí ohun náà sì ṣe pàtó. Kò sí ìyá tó ń fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé ojú ọmọ òun síta nítorí gbèsè. Ẹ sì tún lè gba ìyọ̀ǹda yín padà nígbàkígbà.

Baba Àjàrá, ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ yín lórí owó oṣù olùkọ́ wọ̀ mí lára, èmi náà bá olùkọ́ tan. Ṣùgbọ́n òbí ló jẹ gbèsè, ọmọ ò jẹ ẹnì kankan ní kọ́bọ̀. Ilé-ìwé lè kọ lẹ́tà sí òbí, ó lè jọ fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀, ó lè ní kí huissier (òṣìṣẹ́ òfin tó ń jíṣẹ́ ilé ẹjọ́) gbé mise en demeure, ìyẹn ìwé ìkìlọ̀ pé kó san gbèsè, lọ bá a, ó lè lọ sí tribunal (ilé ẹjọ́). Gbogbo ọ̀nà yẹn ṣí sílẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́ l'Ékòó

Mo kí gbogbo yín. Èkó ni mo ń gbé báyìí àmọ́ ilé wa wà ní Àjàṣẹ́. Irú eléyìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tibí, àwọn app tó ń yá èèyàn lówó ló kọ́kọ́ gbé e dé, tó o bá jẹ wọ́n wọ́n á wọ inú fóònù rẹ, wọ́n á ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ, ọ̀gá ibiṣẹ́ rẹ, pásítọ̀ rẹ, pé olè ni ọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2021, NITDA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ọ̀kan nínú wọn, Soko Lending, torí pé ó ń ránṣẹ́ sáwọn ojúlùmọ̀ oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó. Kó tó di pé wọ́n ṣe òfin 2023 nìyẹn o, ìlànà 2019 ni wọ́n fi mú un.

Èyí tó jọ ti ìyá wa jù, Kẹ́ńyà ló ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, àjọ tiwọn níbẹ̀ ní kí ilé-ìwé kan tó ń jẹ́ Roma School san ṣílè Kẹ́ńyà 4,550,000, ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò ju pé wọ́n gbé fọ́tò àwọn ọmọ kéékèèké síta láìgba àṣẹ òbí. Kò sí gbèsè nínú tìyẹn, kò sí nọ́ńbà fóònù, fọ́tò lásán ni. Ẹ wá fi wé èyí tí wọ́n ṣe fún ìyá wa.

Baba Àjàrá

Mo gbọ́ ti Nàìjíríà, mo gbọ́ ti Kẹ́ńyà. Èló ni tiwa níbí? Ohun kejì tí mo fẹ́ mọ̀: tó bá jẹ́ pé ilé-ìwé kò gbé e sórí Facebook, tó jẹ́ pé wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó jẹ owó mọ́ ara ògiri bìrò, ṣé ìyẹn náà burú? Torí bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a láyé ìgbà tiwa, kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ọmọ Alákétu

Baba, ẹ ṣé tẹ́ ẹ bèèrè. Òfin tiwa ní tí ẹni tó ń tọ́jú ìsọfúnni bá ṣẹ̀, APDP lè kìlọ̀ fún un, ó lè fún un ní gbèdéke pé kó tún un ṣe, tí kò bá gbọ́, ó lè bu owó lé e. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kọjá mílíọ̀nù 50 owó sẹ́fà. Tó bá tún ṣe é láàárín ọdún márùn-ún, ó lè gòkè dé mílíọ̀nù 100. Ẹ̀wọ̀n náà wà níbẹ̀ fún àwọn kan, ìyẹn ti kọjá ọwọ́ APDP, ó ti di ti procureur (agbẹjọ́rò ìjọba) àti ilé ẹjọ́.

Ní ti ara ògiri, ìwé lásán náà wà lábẹ́ òfin, tó bá ti jẹ́ pé inú fáìlì tí wọ́n tò jọ ni wọ́n ti mú un. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan lòfin ń bá wí. Orúkọ ọmọ lára ògiri níbi tí gbogbo ará ọjà ti ń kọjá, ìtìjú kan náà ni. Ohun tó mú ti Facebook burú jù ni pé ògiri, wọ́n lè ya ìwé ara ẹ̀ kó tán, èyí tó bá ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó fẹ́ ṣe jìbìtì ti gbé e sápò.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Òfin dáa, a gbọ́, ta ló wá mọ̀ ọ́n? Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè Faransé agbẹjọ́rò sì ni. Ìyá tó ń ta gàrí ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, gbogbo ibi tó bá dé ni wọ́n ti ń gba kọ́pì CIP ẹ̀. Ó fẹ́ ra SIM, kọ́pì. Ó fẹ́ gba owó MoMo, ẹni tó ń san owó MoMo ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù ara ẹ̀, kì í ṣe fóònù iṣẹ́ o. Ó lọ ṣe photocopie, èyí tó bàjẹ́ nínú ẹ̀ wọ́n fi ń dì ẹ̀pà. Láti ìgbà RAVIP 2017, ìkànìyàn ìjọba fún ìdánimọ̀, tí wọ́n ti ka gbogbo wa, tí wọ́n ya ojú wa, tí wọ́n tẹ ìka wa, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé èèyàn kiri báyìí, ẹni tó bá ní nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú fóònù rẹ, ó ti mọ ibi tó máa gbà wọlé sí ọ lára. Àwọn oníjìbìtì ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́ kọ̀ǹpútà ìjọba, inú irú pèéjì ilé-ìwé yìí ni wọ́n ti ń he nǹkan.

APDP náà, Kútọnu ló wà. Láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ ó lé ní kìlómítà 200. Ta ló máa fi ọjà sílẹ̀ lọ fi ẹ̀sùn kan èèyàn? Mo fẹ́ kí wọ́n máa wá sórí rédíò àdúgbò, kí wọ́n fi Yorùbá, fi Fọ̀n, fi Bàrìbá sọ ọ́, ní mẹ́rì (ilé ìjọba ìbílẹ̀), ní ọjà, kí wọ́n wọ ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn, kí wọ́n má jókòó de ẹ̀sùn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ìyá wa ṣọ́ra fún. Code du numérique kan náà ló ní article 550 nínú, èyí tó ń bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ayélujára yọ ẹlòmíràn lẹ́nu wí. Wọ́n máa ń lò ó dáadáa, ìyẹn ò sùn rárá. Oníròyìn Ignace Sossou, oṣù Kejìlá 2019 ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un torí ohun tó kọ sórí Twitter àti Facebook pé procureur sọ níbi ìpàdé kan, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló bá a dín in kù lẹ́yìn náà. Ó ń dùn mí pé apá tó ń fi èèyàn sẹ́wọ̀n yára ju apá tó ń dáàbò bo èèyàn lọ nínú ìwé òfin kan ṣoṣo. Torí náà ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò dírẹ́tọ̀ yẹn síta, ẹ má bú u lórí group, ẹ má ṣe live lórí ẹ̀. Wọ́n á yí i padà, ẹ̀yin lẹ ó di ọ̀daràn.

Ìyá Ọlọ́mọ Wàndó

Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á gbè yín. Ará Ṣábẹ̀ẹ́, ó kù díẹ̀ kí n ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn, àbúrò mi ti ní kí n fún òun ní fọ́tò dírẹ́tọ̀. Mo ti ní kó sinmi.

Owó náà, mo ti bá wọn ṣàdéhùn, mo máa san án díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ fọ́tò ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn èèyàn ṣì ń kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀. Àwọn ìyá kan nínú group fẹ́ bá mi fọwọ́ sí ìwé, ẹ̀rù wá ń bà wọ́n pé wọ́n á lé ọmọ àwọn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé Kútọnu ni kí n kọ́kọ́ lọ ni?

Ọmọ Alákétu

Rárá, ẹ má tíì lọ sí Kútọnu. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀rí. Ẹ ṣe capture (àwòrán ojú fóònù) gbogbo ẹ̀ lórí fóònù, kí orúkọ pèéjì àti ọjọ́ hàn, kí ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ẹ̀ náà hàn, ẹ da linki ẹ̀ kọ sílẹ̀ síbì kan. Tí owó bá wà, huissier lè wá ṣe constat, ìyẹn kó kọ ohun tó fojú rí sílẹ̀ bí ẹ̀rí, ilé ẹjọ́ á gba ìyẹn gbọ́ ju capture lọ, tí kò bá sí, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó pè yín pé kẹ́ ẹ fi MoMo ránṣẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ àti àsìkò tó pè, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn, ẹ lọ sọ fún wọn ní kọmisáríà lọ́tọ̀.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti tọ́jú ẹ̀rí tán ni kẹ́ ẹ tó sọ fún Facebook pé kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn fúnra wọn ní fọ́ọ̀mù tí òbí lè fi ní kí wọ́n yọ fọ́tò ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣe ìyẹn kẹ́ ẹ tó ṣe capture, ó lè pòórá, kẹ́ ẹ wá máa wá ẹ̀rí kiri.

Lẹ́yìn náà ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé. Ẹ kọ ẹ̀dà méjì, ẹ gbé e lọ sí sẹkitéríà, kí wọ́n lu sítáńpù pẹ̀lú ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiyín, décharge yẹn, ìyẹn ẹ̀rí pé wọ́n gba lẹ́tà, ṣe pàtàkì ju gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà lọ torí òun ló máa fi hàn pé ẹ sọ fún wọn. Ẹ má bú wọn nínú ẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ̀yin ni òbí ọmọ báyìí báyìí, pé ní ọjọ́ báyìí ilé-ìwé gbé fọ́tò ẹ̀, orúkọ ẹ̀, iye owó àti nọ́ńbà yín síta, pé ẹ ò fọwọ́ sí i fún ìyẹn, pé ẹ ta kò ó, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbi gbogbo, pé ẹ sì fẹ́ mọ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ẹ̀tọ́ mẹ́ta lẹ ń lò níbẹ̀ yẹn: ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ní nípa yín, ẹ̀tọ́ láti ta kò ó, ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé karùn-ún Code du numérique, ẹ dárúkọ ẹ̀ nínú lẹ́tà, ojú wọn á là. Ẹ tún lè fi kún un pé Bẹ̀nẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ ọmọdé àgbáyé láti 1990, article 16 ẹ̀ sì ní kí wọ́n má ba orúkọ ọmọ jẹ́.

Mo ti rí ibi tí lẹ́tà yẹn nìkan ti parí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá ilé ìwòsàn kékeré kan lágbègbè wa níbí máa ń fi fọ́tò aláìsàn polówó, ẹbí ọ̀kan nínú wọn kọ irú lẹ́tà yìí, ó yọ gbogbo ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, tàbí tí wọ́n kọ̀, ẹ kó capture, ẹ̀dà lẹ́tà tó ní décharge àti kọ́pì CIP yín jọ, ẹ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí APDP, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ gbà, apdp.bj ni sáìtì wọn, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá rìn lọ. Ohun tí Ará Ṣábẹ̀ẹ́ sọ lórí ọ̀nà tó jìn àti èdè Faransé, òótọ́ pọ́nńbélé ni, mo bá a dá sí i. Ìdí ẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀sùn tiyín dé ọ̀dọ̀ wọn, àjọ tí ẹnì kankan ò bá kọ̀wé sí láti Àjàṣẹ́, láti Kétu, láti Ṣábẹ̀ẹ́, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́ l'Ékòó

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa fi Faransé kọ lẹ́tà náà, ẹ ránṣẹ́ sí mi ní inbox, àbúrò mi wà ní Jàsín, ó máa bá yín tẹ̀ ẹ́ lófẹ̀ẹ́.

Ìyá Ọlọ́mọ Wàndó

Mo ti ránṣẹ́ o, ẹ wò ó. Ìbéèrè kan ló kù: nínú àwọn capture yẹn, ojú àwọn ọmọ ẹlòmíràn àti nọ́ńbà òbí wọn wà níbẹ̀. Ṣé mo lè fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Alákétu

Àǹtí wa, ẹ ṣé tẹ́ ẹ rò ó débẹ̀. Ẹ tọ́jú èyí tó pé sọ́wọ́ ara yín, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ fi àwọ̀ dúdú bo ojú àti nọ́ńbà àwọn tó kù, ẹ fi ti ọmọ yín nìkan sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí i pé odindi ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín tí APDP bá bèèrè. Ìyá tó bá sì fẹ́ kí ti ọmọ òun náà wà níbẹ̀, kó kọ tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara ẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ fún un.